Ojú Mi Nínú Ìbọn Ọdẹ Ẹ̀pẹ́

Kọ́bọ̀ méjì ni wọ́n ń ta kóńgò gààrí ní Ẹ̀pẹ́ láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, kí òyìnbó tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ wa. Tí mo bá gbé e dé Ìkòròdú, tọ́rọ́ ni mò ń tà á. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé alágààrí ni mí. N kì í ṣe ọdẹ, n kì í sì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ọkọ ni mo fẹ́ tí mo fi di ẹni tó mọ inú ìbọn bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀.

Ọkọ mi, Bàbá Ràfíù, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkòròdú ló ti ń dán inú ìbọn fún àwọn ọdẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìta ìbọn ni wọ́n ń dán kó lè rẹwà. Irọ́ ni. Inú ọ̀pá irin gbọọrọ tí ọta ń gbà jáde ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ̀tù bá ti ń jó níbẹ̀, tí òtútù ọ̀sà sì ń bá a, ìpẹtà yóò mú un, ọta kò ní lọ bó ṣe yẹ mọ́.

Á kọ́kọ́ tú ọ̀pá náà kúrò lára ìdí ìbọn. Á gbẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á wé ewé ìpín mọ́ ọn lórí. Ewé yìí ń ha ni lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Òun làwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi. Á tì í wọnú ọ̀pá náà, á máa tì í síwájú, á máa fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò mú eérú tí mo ti fi aṣọ sẹ́ fún un, á pò ó mọ́ àdín, á fi àkísà rọra dán an. Ó lè fi odindi ọ̀sán ṣe ẹyọ kan. Mo máa ń sọ fún un pé ká ní bó ṣe ń fọwọ́ pa ìbọn lára ló ń ṣe sí èmi ni, à bá ti bí ogún ọmọ.

Á ní, “Ìbọn kì í fèsì ni, Ìyá Ràfíù.”

Wíwò ló máa ń kù. Wọ́n á kọ ọ̀pá náà sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fi ojú kan wo inú rẹ̀. Bó bá ti dán, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó róbótó bí ẹ̀gbà ọwọ́ tó kó sínú ara wọn. Bí kò bá tíì dán, ẹ ó rí ohun dúdú dúdú bí èérí inú gààrí.

Lọ́jọ́ kan, mo ti Ẹ̀pẹ́ dé, mo bá a tó gbé ọ̀pá ìbọn sójú. Ó ní kí n wá wo bó ṣe ń tàn. Ògiri ló kọjú sí. Mo ti la ẹnu láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí n kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ kọjá lásán. Ìgbà náà ni mo rí i pé kò mọ̀ pé ògiri lòun kọjú sí. Mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tó ti ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, tó sì kí ewúrẹ́ aládùúgbò wa pé “ẹ kú ilé”. Mo ti fi ewúrẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín káàkiri ọjà.

Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo yí i sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó na ọ̀pá náà sí mi.

“Bá mi wò ó.”

Ọ̀ràn ńlá nìyẹn. Àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ìbọn wọn. Wọ́n ní yóò máa tàsé. Àwa méjèèjì bá fi í ṣe àṣírí. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú mi ń wò. N kò mọ èdè alágbẹ̀dẹ, èdè ọjà ni mo fi ń sọ ọ́ fún un: yanrìn ṣì wà nínú gààrí yìí, ìdí rẹ̀ ti kúnná, ẹnu rẹ̀ ló ku èérí. Á rẹ́rìn-ín, á tún ti ìpín wọlé.

Bàbá Ògúndélé, àgbà ọdẹ kan ní Ẹ̀pẹ́, ló ń darí àwọn ọdẹ yòókù wá sọ́dọ̀ wa. Bí òun bá kẹ̀yìn sí wa, ẹ̀yìnkùlé wa dá páropáro nìyẹn. Kì í ṣe ti oúnjẹ, gààrí mi ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ń lọ, tí wọ́n bá tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa jí sí láràárọ̀?

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni Bàbá Ògúndélé gbé wá lọ́jọ́ kan, omi ọ̀sà ti wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀. Ó ní ọjọ́ ọjà lòun yóò wá gbà á, àmọ́ ó rí lọ́rì tó ń bọ̀ ní Ìkòròdú, ó dé ṣáájú ọjọ́. Ó kan ilẹ̀kùn iwájú, a kò gbọ́. Ló bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Èmi ti di ojú kan, mo ti fi èkejì lé ẹnu ìbọn rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé inú ìbọn ṣú lójijì. Mo ní, Bàbá Ràfíù, èyí tí ẹ ti ń dán láti àárọ̀ tún ti dúdú o. Nígbà tí mo gbé ojú kúrò, ikùn Bàbá Ògúndélé ló dí ìmọ́lẹ̀.

Èmi tí gbogbo ọjà Ẹ̀pẹ́ ń bẹ̀rù ẹnu mi, ẹ̀yìn ni mo fi ọ̀pá náà pamọ́ sí. Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀, ohun tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan èmi.

“Ojú mi ti lọ, Bàbá Ọdẹ. Ojú rẹ̀ ni mo fi ń wò.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọyẹ́ èṣí.”

Bàbá Ògúndélé jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ dé. Mo mọ ohun tó ń rò: ìbọn yìí kan náà ti wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn. Ó béèrè ìgalà tó pa nígbà òjò àkọ́rọ̀, mo ní ojú mi wà níbẹ̀. Ó béèrè àwọn ẹtu, mo ní ó wà níbẹ̀.

“Àṣé ìwọ lò ń bá mi ṣọdẹ, ìyàwó.”

“Ẹ ò sì mú itan kan wá fún mi rí, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí odó fi mì. Ó wá béèrè ohun tí mo rí níbẹ̀ báyìí. Mo ní ti ọwọ́ òsì, nítòsí ẹnu, èérí kan wà bí kóró ata. Kí n tó sọ tán, ọkọ mi ti na ọwọ́ gba igi rẹ̀. Bàbá Ògúndélé jókòó tì wá títí iṣẹ́ fi parí.

Ṣílè mẹ́ta ni owó iṣẹ́. Ó kà á sọ́wọ́ ọkọ mi, ó fi sísì kan lé e, ó sì ní ká má jẹ́ kí àwọn ọdẹ tó kù gbọ́. Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi fi ìka pa owó náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ sísì náà. Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i.

“Ti ojú nìyí,” ó ní.

Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ọlọ́jọ́ fi dé, àwọn ọdẹ Ẹ̀pẹ́ kò sì yé wá. Mo ti jèrè lórí gààrí, mo ti pàdánù lórí gààrí. Ṣùgbọ́n nídìí ìbọn, gbogbo owó tí mo fọwọ́ ara mi gbà láyé mi ni sísì kan yẹn.