Ìlà Dúdú Tó Ń Rìn Lábẹ́ Ìka Wa

Òórùn iyọ̀ tó ń jó lórí òwú sítóòfù ni mo fi ń rántí láàbù ilé ẹ̀kọ́ wa n'Íléṣà, láàárín àwọn ọdún 1970. Iyọ̀ náà á sọ iná di àwọ̀ ìyeyè, gbogbo wa á wá dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ìgbà ọyẹ́ ni. Dígí pẹlẹbẹ méjì la gbé léra, a fi ẹyọ irun orí kan há wọn láàárín létí kan. Bí o bá tẹjú mọ́ iná yẹn lára dígí náà, wàá rí ìlà dúdú àti ìlà mímọ́lẹ̀ tó tò tẹ̀léra bí ọnà ara aṣọ òfì. Iṣẹ́ wa kò ju ká ka iye ìlà tó wà láàárín àmì méjì lọ. Tábìlì ọ̀hún dagun, a sì ní láti fi ìka di etí dígí mú kó má baà yọ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti ìtòsí Ìmẹ̀sí-Ilé ni ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo, lèmi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni iye wa ò fi bára mu. Mọ́kànlá ni tèmi, mẹ́rìnlá ni tirẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ mọ òǹkà báyìí?"

Mo ní, "Oorun iyán ló ń kùn ọ́."

Tíṣà wa ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí iye wa ò bá dọ́gba lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé irọ́ là ń kọ, òun á sì yọ orúkọ wa kúrò lára àwọn tó máa ṣèdánwò. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún gbogbo abúlé pé ọmọ òun ń lọ sí yunifásítì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìrun Àìlà dé ni, òtútù omi búùtà ṣì ń mú mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ di dígí mú, àwọn ìlà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló ń ti tábìlì?" Tíṣà béèrè.

"Kò sẹ́ni tó tì í, sà."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi ká ìka kúrò. Àwọn ìlà rọra padà. Ó ní kí n fi tèmi lé e láìtẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba ọ̀nà kejì lọ.

"Kí lo mú lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀?" ó bi ọ̀rẹ́ mi.

"Iṣu sísun ni, sà. Mo máa ń fi yáná lójoojúmọ́ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Àlùwàlá ni mo máa ń ṣe kí n tó wá, sà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ ò parọ́. Ooru ọwọ́ yín ni ìmọ́lẹ̀ ń sọ fún wa: ọwọ́ gbígbóná ń mú dígí wú, ọwọ́ tútù ń mú un sún kì, ìlà náà sì ń rìn." Ó fi ìda àbẹ́là lẹ dígí mọ́ tábìlì, ó ní ká ká ọwọ́ lẹ́rán, ká dúró títí àwọn ìlà náà ò fi ní rìn mọ́. Nígbà tá a tún kà á, méjìlá méjìlá ni. Ó jẹ lára iṣu náà kó tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún ìdánwò.

Mo gbọ́ pé lóde òní, okùn dígí tó tín-ín-rín bí irun, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni wọ́n fi ń wọn ooru inú ẹ̀rọ ńláńlá. Mo rẹ́rìn-ín: iṣu la fi bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò jù ni pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi pe ara wa lópùrọ́, tí oníkálukú ń sọ ohun tó rí gan-an, tí ìka rẹ̀ sì ń yí i padà. Títí dòní, bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ nílé, mo máa ń káwọ́ lẹ́rán, kí ara mi tutù ná. Ìyàwó mi rò pé mo ti gbà fún òun ni. N kò tíì sọ fún un pé ìlà ni mò ń dúró dè.