Ta Ló Dáná Sun Ẹsẹ̀ Murdo?

Gbogbo ìlú Naseby ló gbọ́ pé Màmá Elspeth Rattray, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má ṣáà gbóná jù, dáná sun ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ igi ni o. Murdo ti fi ẹsẹ̀ gidi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ó sì fi ti igi sílẹ̀ fún ìyàwó nígbà tó kú. Nílé ọtí, wọ́n ní bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ náà bó ṣe ń jó. Àwọn tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù, ní Màmá tún fi sè tíì.

Ààrò irin tí Màmá fi ń yáná ló là. Ewan ọmọ rẹ̀, tó ń gbé nílùú Dunedin, tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an láti ọ̀nà jíjìn, pè é lórí fóònù.

"Màmá, tí ẹ ò bá ra òmíràn kí yìnyín tó bọ́, ilé àwọn arúgbó ni mò ń mú yín lọ."

"Ṣé iná wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Màmá."

"Ìwọ lọ máa gbébẹ̀."

Àmọ́ ó mọ̀ pé ọmọ náà ò ṣeré. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iná bí ẹni ń wá ọkọ fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ó ń mú ìbọ̀sẹ̀ tútù àti Fergus, ajá rẹ̀, káàkiri ilé àwọn aládùúgbò. Tí ìbọ̀sẹ̀ ò bá gbẹ kí tíì tó tán, iná yẹn ti fìdí rẹmi. Ti gáàsì mú un gbẹ, àmọ́ Fergus jáde kúrò nínú yàrá. Nílé tíṣà, abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni wọ́n fi iná tó ń mú ilé gbóná sí.

"Iná tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?" ni Màmá wí. "Ìwà àìmoore nìyẹn."

Lachie, tó ń ta ẹ̀rọ amúlégbóná, wá bá a pẹ̀lú ìwé pélébé kan.

"Màmá, ohun tí àwọn onílé ń fẹ́ jù nìyí: kí owó rẹ̀ kéré, kó má pariwo, kó má rú èéfín."

"Wọ́n bi ajá?"

"Wọn ò bi ajá, Màmá."

"Iwájú rẹ̀ dà, tí a máa jókòó sí?"

"Ara ògiri la ń gbé e kọ́, lókè."

"Kí àlejò wá máa wòkè bí adìẹ tó ń mumi?"

Lachie rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun ti gan nítorí òtútù. Ni Màmá bá fa ẹsẹ̀ Murdo, tó fi ń ti ilẹ̀kùn, jáde.

"Èyí ló kù. Igi líle ni, ó máa jó dalẹ́. Bá mi di àtẹ́lẹsẹ̀ mú, kí n wá àáké."

Kó tó rí àáké, mọ́tò Lachie ti dé ìlú Ranfurly. Ibẹ̀ ni àhesọ ti bẹ̀rẹ̀.

Fìlà tí Lachie gbàgbé ló mú un padà wá. Yìnyín ti ń bọ̀, Màmá sì ra ẹ̀rọ náà. Ó to àga sábẹ́ rẹ̀, gbogbo àwa aládùúgbò jókòó, a gbójú sókè bí ará ṣọ́ọ̀ṣì. Fergus ń sùn lórí dùùrù, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Ewan gbé páálí wá láti kó ẹrù ìyá rẹ̀. Ooru mú un débi pé ó bọ́ kóòtù, ó sì gbé páálí òfìfo padà sílé.

Ẹ̀rọ náà ní àpótí kan níta, tó ń fa afẹ́fẹ́; òun ló wá ń ṣe Màmá láàánú. Ó hun súwẹ́tà fún un. Ẹ̀rọ dákú, Lachie tún dé.

"Màmá, ó gbọ́dọ̀ máa mí."

"Àgùntàn náà ń mí. Láti kékeré ni súwẹ́tà ti wà lọ́rùn tiẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Yìnyín náà ò sì gbọ́dọ̀ dé abẹ́ rẹ̀."

"Mo máa wá nǹkan fún un."

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, Màmá sùn lórí àga rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, kò jí mọ́. Ewan wá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ títí. Ó tiẹ̀ tú eérú ààrò àtijọ́, àwọn ará ilé ọtí dúró tì í, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ Murdo wà níta, lábẹ́ àpótí ẹ̀rọ náà, ó gbé e sókè kúrò nínú yìnyín, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tuntun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.