Ìka Mẹ́rin Lẹ́sẹ̀ Ṣòkòtò

Bí ẹ bá wọ yàrá ìyá mi l'Ẹ́dẹ lónìí, funfun lẹ ó kọ́kọ́ rí. Kúróṣè tí wọ́n fi òwú hun ló bo tẹlifíṣọ̀n, òun ló bo rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, òun ló bo apá àga àti fúláàsì omi gbígbóná. Bí oòrùn ọ̀sán bá gba ojú fèrèsé wọlé, á gba inú àwọn ihò òwú yẹn kọjá, á wá ṣe tótòtó sára ògiri bí ẹni pé òjò ìmọ́lẹ̀ ń kán níbẹ̀. Mo máa ń jókòó wò ó títí ojú mi á fi máa pa dé. Àlejò tó bá wọlé á ní, "Ìyá yìí mà mọ kúróṣè hun o!" Èmi kì í dá sí i. Mo mọ ohun tó sọ yàrá yẹn di funfun.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe kúróṣè ni màámi ń ṣe. Aṣọ ni wọ́n ń rán. Wọn kì í ṣe télọ̀, wọn kì í gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ti ilé wọn ni wọ́n ń rán: ti bàbá wa, ti àwa ọmọ, aṣọ ìrọ̀rí, aṣọ ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ ìránṣọ olówọ́ kan ni wọ́n ní, tí wọ́n gbé wá láti ilé ìyá tiwọn ní Awó nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé orí àpótí, ọwọ́ ọ̀tún á máa yí i, ọwọ́ òsì á máa ti aṣọ. Èmi á gbé orí lé orúnkún wọn. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró tó jọ ti ẹ̀rọ yẹn, oorun á kàn máa gbé mi lọ ni.

Bí Iléyá bá ti kù bí oṣù kan, wọ́n á ra gínì funfun, inú ẹyọ kan náà ni wọ́n á ti gé ti gbogbo wa. Wọ́n ní àṣà kan. Bí wọ́n bá rán ṣòkòtò fún ọmọ, wọ́n á ká aṣọ sínú lẹ́sẹ̀, ìka mẹ́rin gbáko, wọ́n á fi ọwọ́ rán an mọ́ ọn pẹ̀lú ìrán tó ṣe é tú. Bí ọdún bá yípo, wọ́n á tú ìka kan sílẹ̀. Wọ́n á ní aṣọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà. Bàbá mi, tí wọ́n ti ṣaláìsí báyìí, a máa fi yangàn láàárín agboolé: "Ìyàwó tèmi kì í gé aṣọ, gbígbìn ló ń gbìn ín."

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fi ìwé sílẹ̀. Mo wọ gínì tuntun mi lọ kírun Jímọ̀. Aṣọ funfun ò bo àṣírí. Gbogbo ibi tí wọ́n ká sínú lẹ́sẹ̀ ló hàn kedere. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i.

"Ẹ wá wo ṣòkòtò o! Ó ń dúró dè é kí ó dàgbà!"

Èkejì tẹrí ba fún ẹsẹ̀ mi. "Ṣòkòtò, ẹ kú ìdúró o! Ẹ mú sùúrù, ó ń bọ̀!"

Ojú tì mí dé ilé. Lọ́jọ́ kejì, mo mú abẹ ìfárùngbọ̀n bàbá mi, mo tú ìrán, mo gé ìka mẹ́rin yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ méjèèjì, mo wá ká etí tín-ín-rín tó kù, mo rán an padà. Mo mọ̀ ọ́n rán. Màámi ò bí obìnrin, torí náà èmi ni wọ́n kọ́ ní abẹ́rẹ́. Mo kó ohun tí mo gé lọ sórí afárá, mo jù ú sódò Ọ̀ṣun. Kò tètè rì. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí lékeléke méjì tó sùn lọ. Mo dúró wò ó títí tí n kò fi rí i mọ́.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo ti ga. Lọ́jọ́ Àráfà, màámi tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kí wọ́n lè fi ìka kan kún un. Wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n yí i sódì, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé e sójú oòrùn.

"Níbo ni mo ká aṣọ sí?" Wọ́n wo òwú náà dáadáa. "Ìrán mi náà nìyí. Ọwọ́ mi ni."

Wọn ò parọ́. Bí ọwọ́ wọn ṣe kọ́ mi ni mo ṣe rán an.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ̀ ọ́ jáde, kókósẹ̀ mi wà níta. Bàbá mi wò mí. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé Yídì lọmọ yìí ń lọ ni, àbí ó fẹ́ lọ pẹja?" Gbogbo agboolé fi ẹ̀rín sí i. Màámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiwọn tètè tán. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ mi, ìwọ lo wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo ń rán an. Ṣé mo fi ìka mẹ́rin sílẹ̀ àbí n kò fi sílẹ̀?"

Mo ní, "N kò kíyè sí i, màámi."

Látìgbà náà ni wọn ò gba ọwọ́ ara wọn gbọ́ mọ́. Wọ́n lọ gba awò ojú. Wọ́n á wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á gbé àlùmọ́gàjí, àlùmọ́gàjí ò ní sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ìyàwó ilé kan kọ́ àwọn ní kúróṣè. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìkọ́ kan àti òwú, ó parí. "Èyí dáa," wọ́n ní. "Bí mo bá ṣì í hun, màá fà á, á sì tú. Aṣọ tí mo bá ti gé, mo gé e nìyẹn." Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ hun, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi bò.

Èmi wá kọ́ṣẹ́ táìlì, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, mo fẹ́yàwó, a ń gbé ní Sẹ̀kọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo gé táìlì kan kúrú, ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Kò sí àdúà tó ń mú táìlì gùn." Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sílẹ̀, bí ẹni pé lékeléke méjì ọjọ́ yẹn ń lọ lójú omi níwájú mi.

Síbẹ̀ n kò sọ. Ó di ọdún yìí, tí èmi àti ìyàwó mi gbé gínì kékeré kan lọ bá màámi pé kí wọ́n bá wa rán an fún ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Màámi fọwọ́ pa aṣọ náà lára, wọ́n pa á lára títí, wọ́n wá rọra tì í padà.

"Ẹ gbé e lọ fún télọ̀, ìyàwó mi. Ọwọ́ tó ti gbàgbé ìka mẹ́rin, kò yẹ kó gé aṣọ ọmọ yìí."

Ẹnu mi là.

"Màámi, ẹ ò gbàgbé. Ìka mẹ́rin wà ńbẹ̀. Èmi ni mo gé e."

Wọ́n mú kúróṣè wọn, wọ́n ń hun ún lọ. Wọ́n hun ún dé ìparí ìlà. "Ta ló wá rán an padà?"

"Èmi náà ni."

"Irọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mà."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Mo ní orí mi ló ń dà rú. Mo gbàdúà sí i. Bàbá yín lọ, ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣì ń kán lára ògiri.

"Mélòó lo gé?"

Mo na ìka mẹ́rin. Wọ́n na tiwọn, wọ́n gbé e ti tèmi.

"Mo mọ̀," wọ́n ní, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Mo mọ̀! Mo sọ fún bàbá yín!"

A ṣí kúróṣè kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, a ta òróró sí i; ọjọ́ kẹta ni òróró tó wọ̀ ọ́ lára kó tó yí. Màámi tẹ́ gínì sórí ẹní, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ gé e, ni wọ́n bá fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́.

"Gé e. Ìwọ lo mọ aṣọ gé."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé. N kò tíì gé é dé ìdajì tí wọ́n ké mọ́ mi: "Dúró! Ìka mẹ́rin mi dà?"

Ó wà ńbẹ̀. Mo ti kà á.

Iléyá ti kọjá. Bí a bá gbé ọmọ lọ sí Ẹdẹ pẹ̀lú aṣọ yẹn lọ́rùn rẹ̀, màámi á gbá a mọ́ra, wọ́n á ṣí etí aṣọ náà sókè, wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n á máa fi ìka wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbójú wò mí. Èmi á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sí wọn, kí wọ́n rí i pé kò sí abẹ níbẹ̀.