Ọjọ́ tí Mi Ò Sí Létí Pápá

Àjàní Erin, Àjàní tí mo bí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹkún, ọmọ mi ọkùnrin kan ṣoṣo, sáà méjì péré ló fi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún un. Àárín pápá ni ipò tirẹ̀. Kò sí ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù ní Chicago tí mi ò sí níbẹ̀. Bí mo bá ti kúrò níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Homewood, màá wọkọ̀ ojú irin tèmi taṣọ iṣẹ́.

"Màmá, ẹ rọra máa pariwo," á máa rẹ́rìn-ín. "Rẹfirí ti dá ohùn yín mọ̀."

"Kó yáa dá a mọ̀. Ṣé kò rí wọn bí wọ́n ṣe ń gbá ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn sáà kejì, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò lè gba eré sísá mọ́. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù nílùú Aurora. Lọ́dún yìí, ó sùn, kò jí.

Àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù wá sílé, wọ́n ní àwọn ti fi àga iwájú sílẹ̀ fún mi níbi ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá wọn lóhùn pé nílé wa, ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ló ti gbá bọ́ọ̀lù rí nílùú yìí tí mi ò sí níbẹ̀?"

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Eléyìí kì í ṣe bọ́ọ̀lù, àbúrò mi."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sin ín. Mo jókòó sílé.