Òbúkọ Òkè Tó Mumi Lẹ́yìn Ikú

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ní abúlé wa pé Eutimio kì í lè pa ayọ̀ mọ́ra. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣe amọ̀nà fáwọn ọdẹ lórí òkè Gredos. Ṣùgbọ́n ìwo òbúkọ òkè tó gùn jù, èyí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ilé ọtí, Fulgencio ló ṣamọ̀nà ọdẹ tó pa á. Fulgencio ni ẹ̀gbọ́n Casilda, ìyàwó Eutimio.

Nígbà ìrúwé tó kọjá, àlejò tí Eutimio mú gòkè yìnbọn pa òbúkọ arúgbó kan. Ibi tí ẹran náà ṣubú sí gan-an ni Eutimio ti fa téèpù sára ìwo rẹ̀. Ó fi ìbú ìka kan gùn ju ti Fulgencio lọ. Kó tó dalẹ́, ó ti ra wáìnì fún gbogbo ilé ọtí.

"Àna mi, lọ sọ tìẹ kalẹ̀. Onílé ti dé."

Fulgencio ní, "Jẹ́ kó gbẹ ná."

Ìwo tútù máa ń súnkì, ìdí nìyẹn tá a fi ń sá a fún oṣù méjì kí oníwọ̀n, ẹni tó ń wá wọn ìwo fún àkọsílẹ̀, tó dé. Nígbà tí Eutimio yọ́ wọn tiẹ̀ lẹ́yìn tó gbẹ, kò tó ti Fulgencio mọ́. Ló bá lọ ri agbárí ẹran náà, tòun tìwo, sínú ọpọ́n òkúta tí màlúù ti ń mumi, kí ìwo náà lè wú padà.

Casilda bá a níbẹ̀. "Eutimio, òǹgbẹ ń gbẹ òkú ni?"

"Wọlé lọ, obìnrin yìí."

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, nílé ọtí, Doña Remedios, oníwọ̀n, gbé agbárí náà lé itan. Omi dà láti ihò imú rẹ̀ sórí bàtà obìnrin náà.

"Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Eutimio, omi kí lèyí?"

Fulgencio ló dáhùn. "Òrùlé wọn ló ń jò, Doña Remedios. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kó tún un ṣe."

Òjò ò tíì rọ̀ látìgbà tí ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀.

Wọ́n sọ fún mi pé ojú ẹsẹ̀ ni Eutimio jẹ́wọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Casilda ní ó kọ́kọ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Doña Remedios gbé téèpù rẹ̀ sápò, ó ní òun á padà wá tó bá gbẹ. Ìgbà tí Fulgencio wá gbé ọwọ́ lé Eutimio léjìká ló tó lanu.

"Òrùlé mi ò jò. Èmi ni mo rì í sómi. Tó bá gbẹ, kò tó ti àna mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Fulgencio ti ife wáìnì sí i. "Mu ún, àna." Eutimio ò fọwọ́ kàn án. Ó gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná jáde.

Látìgbà náà, bí ọdẹ bá wá a wá, á ní kí wọ́n lọ bá Fulgencio. Mo bi Fulgencio léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ò sí nílé ọtí lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún Eutimio, ó yí ojú sí ògiri.