Ojú Kejì Àwo Náà

Òórùn aṣọ ọ̀tun tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni mo fi máa ń rántí ọdún yẹn, òun àti òórùn ẹrẹ̀ kànáàlì tó máa ń bá atẹ́gùn wọlé nígbà tí òjò bá dá. O mọ fúláàtì mi ní Festac dáadáa, òkè pátápátá, ibi tí o máa ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ kí o tó dé, tí wàá ní àtẹ̀gùn mi fẹ́ pa ọ́. Ọkọ mi ti kú. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti lọ sí Kánádà, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Mo kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Apple Junction, mo gbé ẹ̀rọ mi wálé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo sọ fún yín nígbà náà pé ìrìn ojoojúmọ́ ló sú mi. Irọ́ ni. Àwọn tí yóò máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ń fara dà á ni mo sá fún. Mo sá fún wọn títí mo fi dé ibi tí kò sí ẹni tí yóò bi mí ní ohunkóhun mọ́. Mo wá jókòó síbẹ̀, mo ń ránṣọ, ó sì ń dùn mí pé ẹnikẹ́ni ò wá.

Bàbá kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ mi gan-an. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ìdílé wọn ti wà ní Àmùwò kí ìjọba tó ronú àtikọ́ ilé kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà nìkan ló ń dá gbé fúláàtì náà láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé pé bàbá náà kọ̀ láti fọwọ́ síwèé nígbà tí àwọn àbúrò wọn fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, àti pé láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹbí ò ti yọjú sí wọn mọ́. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á fara mọ́ ògiri kí n lè ráyè kọjá pẹ̀lú ẹrù aṣọ mi.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán tí iná bá wà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, orin kan náà yóò máa gba ilẹ̀ wá bá mi. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe fújì, kò sí ẹni tó ń fi ẹnu kọ ọ́. Dùùrù máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gìtá ńlá kan máa ń rìn lábẹ́ rẹ̀, fèrè yóò wá wọlé bíi pé wọ́n fi nǹkan dí i lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń bí mi nínú. Mo máa ń bi ara mi pé irú orin wo lèyí tí kò lọ tí kò bọ̀, màá wá tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi gìrìgìrì kó lè pariwo bò ó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọn ò bá mú iná wá, tí aago mẹ́rin lù tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo rí i pé mo ti dá iṣẹ́ dúró, mo ti tẹ́tí. Bí nǹkan ṣe ń wọ ènìyàn lára nìyẹn.

Nígbà tó yá, orin náà dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, iná wà, kò sí orin. Mò ń sọ fún ara mi pé kí n sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó bóyá ara bàbá náà ò yá, mi ò lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bàbá náà ni, wọ́n wọ jalàbíà funfun, wọ́n mú rọ́bà dúdú kan tó ti já dání, wọ́n rọra gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bíi òròmọdìyẹ tó kú.

"Àǹtí Tẹ́lọ̀, ẹ má bínú o. Rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù mi ló já. Mo ti wá a dé Alábà, mi ò rí i. Ṣé ẹ lè bá mi fi rọ́bà búláùsì dọ́gbọ́n sí i?"

Mo mú téèpù, mo mú sísọ́ọ̀sì àti rọ́bà tín-ín-rín tí a máa ń fi sí ẹnu ọwọ́ búláùsì, mo tẹ̀lé wọn. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo bọ́ sálúbàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń gòkè lè rí i pé a ò bo nǹkan kan. O mọ bí ẹnu àwọn ará ilé wa ṣe rí. Mo wọn ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wọn ìbàdí, mo gé rọ́bà, mo rán ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rán le jù, àwo ò yí. Èkejì dẹ̀ jù, orin ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ̀kẹta ló gbà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ojú ibi tí mo ti rán an ga díẹ̀ ju ìyókù lọ, ìgbàkígbà tó bá sì yí dé ibẹ̀, a máa gbọ́ ọ lábẹ́ orin náà: kó. Ká tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan: kó. Ojú tì mí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́ nìyẹn, ìwọ náà mọ̀. Mo ní kí n tú u kí n tún un rán.

"Rárá, ẹ fi sílẹ̀," bàbá náà wí. "Ó ń ṣe bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti kanlẹ̀kùn níbí."

Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, a sì gbọ́ ojú kìíní àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní jáàsì ni wọ́n ń pè é, wọ́n rà á nígbà tí àwọn àti ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo béèrè kí ló dé tí orin náà kì í fi í lọ síbì kankan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyẹn. Wọ́n ní, "Orin mìíràn á máa sá láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn eléyìí dúró sínú yàrá kan, wọ́n wò ó dáadáa." Ó yé mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ṣebí a máa ń rí oníbàárà tó máa gbé ọ̀pá aṣọ méjì péré wá, tí kò sí àfikún níbì kankan, tí wàá tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, tí wàá máa yí i po títí wàá fi rí gbogbo ohun tó lè dà. Ohun tí fèrè yẹn ń ṣe nìyẹn. Ohùn díẹ̀ ló ní, kò sì kánjú lórí ọ̀kankan. Èmi tí mo ti ń sá kiri inú ilé ara mi láti ìgbà tí ọkọ mi kú, tí mi ò lè jókòó sí pálọ̀ nítorí àga rẹ̀, mo jókòó jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìdánìkanwà mi wà nínú orin náà kedere, kò sì bà mí lẹ́rù. Mo sunkún díẹ̀. Bàbá náà ń wo fèrèsé.

Nígbà tó parí, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, mo bi wọ́n bóyá ó tán nìyẹn.

"Ó ku ojú kejì. Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń gbọ́ ọ. Látìgbà tó ti lọ, mi ò lè dá a gbọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò dé ìdajì." Wọ́n fi aṣọ nu orí ẹ̀rọ náà títí, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Tí ẹ bá ráyè, ẹ wá ká jọ gbọ́ ọ."

"Màá wá ní Sátidé, Bàbá."

Ìwọ tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, o mọ ohun tí Sátidé jẹ́ lẹ́nu wa. Aṣọ tí a ò tíì gé rárá, a máa ní ó ku bọ́tìnnì nìkan. A máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́, oníbàárà náà á rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni. Iléyá ti sún mọ́lé nígbà náà, aṣọ kún yàrá mi dé òrùlé. Sátidé dé, mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn Iléyá." Wọ́n ní kò burú. Iléyá kọjá. Oníbàárà kan láti Raji Rasaki Estate gbé aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ rẹ̀ wá ní kánmọ́kánmọ́, mo tún ní, "Bàbá, Sátidé tó ń bọ̀, mo ṣèlérí." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi bí oníbàárà tó ti mọ tẹ́lọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ojú kejì ò ní sá lọ." Kì í kúkú ṣe iṣẹ́ ló dá mi dúró, kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Mo ń bẹ̀rù ẹnu àwọn ará ilé díẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni pé inú mi yóò dùn níbẹ̀, tí màá wá padà gòkè wá bá ilé mi bó ṣe wà.

Ọjọ́rú ni. Orin náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin bó ṣe máa ń ṣe, mo ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi bá a lọ. Ojú kìíní parí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà ò kúrò lórí àwo. Ó ń ha fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, rọ́bà mi sì ń kanlẹ̀kùn lábẹ́ rẹ̀. Mo ní wọ́n ti sùn lọ. Mo rán apá kan aṣọ tán, mo rán apá kejì, ó ṣì ń kanlẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo sáré sọ̀kalẹ̀ láì wọ bàtà. Ilẹ̀kùn ò tì. Bàbá náà jókòó sórí àga wọn, ọwọ́ wọn lórí itan, ojú wọn tutù pẹ̀lẹ́. Àga tí mo jókòó lé lọ́jọ́sí ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀ de Sátidé.

Àwọn ẹbí tí kì í yọjú dé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n kún àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà mi. A sin bàbá náà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n kó ilé. Mo rí ẹ̀rọ náà lórí èjìká ọmọkùnrin àbúrò wọn, àwọn àwo orin wà nínú páálí. Mo dá a dúró, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n mú rọ́bà inú ẹ̀rọ náà.

"Ìyá, rọ́bà?" Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ mú u jàre."

Mi ò mọ orúkọ àwo náà. Mo fi ẹnu kọ orin rẹ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n arúgbó kan tó ń tọ́jú níbi iṣẹ́ gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mi fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ, mo ní kì í ṣe òun.

"Mọ́mì, òun náà ni o. Kárí ayé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Òun náà ni lóòótọ́. Dùùrù yẹn ni, fèrè yẹn ni, ó mọ́ tónítóní. Kò kàn sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn nínú rẹ̀ ni. Mo gbé rọ́bà yẹn lé orí tábìlì, mo wo ojú ibi tí mo ti rán an, mo wá mọ̀ pé gbogbo ọ̀sán tí mo fi jókòó lókè tí mò ń ráhùn pé ẹnikẹ́ni ò wá, ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ń kàn, èmi tó sì yẹ kó wọlé, mo ń sọ pé ó ku bọ́tìnnì.

Ojú kejì wà nínú fóònù mi láti ìgbà náà. Mo máa ń dé etí rẹ̀, màá sì pa á. Èmi náà ò lè dá a gbọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí fún ọ nìyẹn. Wá ní Sátidé yìí. Mi ò ní gé nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mi ò ní rán nǹkan kan, mo sì ti tẹ́ aṣọ funfun sórí àga ọkọ mi dè ọ́. Ìwọ náà, má sọ fún mi pé ó di lẹ́yìn ọdún. Ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, tí o bá dé, kàn án.