Bí Mo Ṣe Lọ Ṣe Amí Ọjà Sènàmi ní Tòkpá-Yọ́yọ́

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin ará ilé, ìlara ló jí mi ní ìdájí ọjọ́ náà. Àkùkọ kò tíì kọ ní Àjàrá tí mo ti dìde. Mo da omi tútù sára, mo mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo sì wé gèlè mi wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú mi. Ọgọ́ta àgbọn ni mo dì sínú àpò méjì. Ẹni tó bá rí mi yóò ní ọjà ni mo ń lọ tà. Mo ń lọ tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n amí ni wọ́n rán mi lọ ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Akọ̀wé ní ọjà Àgọ́-Àgbọn, ọjà wa tó wà láàárín Àjàrá àti ọ̀sà. Mo ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó ìwé ọjà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi kú. Ọjà mẹ́rin ló wà létí ọ̀sà wa, wọ́n sì pín ọjọ́ mẹ́rin láàárín ara wọn kí ọ̀kan má baà gba èrò mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Ọjà Mẹ́rin ni à ń pe ara wa. Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, òfin wa nìyẹn. Iye kan náà ni gbogbo wa ń gbà fún owó ìpàtẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dín tirẹ̀ kù láti fi fa oníbàárà.

Àfi bí ọjà karùn-ún ṣe yọjú ní òdìkejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Dàhòmì. Tòkpá-Yọ́yọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Èdè Ègùn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni etí omi tuntun. Ọjọ́ wa gan-an ni wọ́n mú, wọ́n ń ná ọjà wọn ní ọjọ́ tí à ń ná tiwa. A gbọ́ pé wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn obìnrin wa ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, àgọ́ wa wá ń dá páropáro. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, wọ́n kọ ìwé wá pé àwọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ní kí èmi lọ fi ojú ara mi wò ó. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé wọn kì í gba owó ìpàtẹ, a ó lé wọn padà, ẹni tó bá sì pàtẹ lọ́dọ̀ wọn kò ní pàtẹ lọ́dọ̀ wa mọ́. Bí wọ́n bá ń gbà á, a ó gbà wọ́n wọlé, ọjọ́ wa tí wọ́n mú yóò sì di tiwọn pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ẹnu mi nìkan ni wọ́n fẹ́ fi dá ẹjọ́ náà.

Sènàmi ni olórí ọjà Tòkpá, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí. Abẹ́ ìyá mi ló ti kọ́ àgbọn títà, inú àgọ́ kan náà la jọ ń jókòó, ó ń pè mí ní dàdá, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nígbà tí owó epo ń ṣàn ní ilẹ̀ yìí bí omi òjò, kọngílá kan wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọjà onísìmẹ́ńtì sí Àgọ́-Àgbọn. Wọ́n ní kí a fi owó kún owó ìpàtẹ, èmi ni mo kọ òfin náà sílẹ̀: náírà kan lẹ́nu ọ̀nà, kí èèyàn tó tú ẹrù, ó tà o, kò tà o. Kò sí ẹni tó ráhùn, nítorí náírà lágbára nígbà náà. Sènàmi nìkan ni ọjà kò yá fún ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn. Ó bẹ̀ mí pé kí òun máa san tí òun bá tà. Mo sọ fún un pé òfin kò lójú. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Owó epo náà lọ, kọngílá náà lọ, òpó sìmẹ́ńtì dúró síbẹ̀ láìní òrùlé, ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Owó ìpàtẹ nìkan ni kò lọ. Ilé ọba tó jó ni ti Sènàmi, ẹwà ló bù sí i.

Ní etí omi Àgbádárìgì, mo bá Bàbá Sẹ̀tònjí tó ń wa ọkọ̀ onímọ́tò lórí ọ̀sà. Náírà mẹ́ta ni owó èèyàn, náírà kan fún àpò méjèèjì. Àwa mẹ́sàn-án ló wọlé. Kùrukùru bo omi, òtútù ń mú wa, a ò sì rí nǹkan kan ju ewéko tó ń léfòó lọ títí oòrùn fi là. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn igi àgbọn ní apá òkun, tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, àti àwọn apẹja tí wọ́n ń ká àwọ̀n wọn. Ìyàtọ̀ kò sí láàárín igi tiwa àti igi tiwọn. Mo wò ó títí, n kò mọ ibi tí ilẹ̀ wa parí sí.

Àwọn aṣọ́bodè ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n tú àpò gbogbo wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a lo wákàtí kan àtààbọ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wọn, aṣọ́bodè, ẹni tí wọ́n ń pè ní dùáànì, wo àpò mi láti òkèèrè, ó sì juwọ́ pé kí a kọjá. Owú jẹ mí lórí ìyẹn náà. Bàbá Sẹ̀tònjí rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè náà ní ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé tiwọn ni, pé wọ́n ti fẹnu kò pé kí ọjà máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Kútọnu dín owó orí ìrẹsì àti aṣọ kù, ọkọ̀ òkun tó yẹ kó gúnlẹ̀ sí Èkó bá ń yà sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọ̀gá tiwa ń bínú, wọ́n ń bèèrè irú ọmọ ẹgbẹ́ wo nìyẹn.

Ó wá ní, "Ẹ̀yin àti ìjọba, ẹjọ́ kan náà lẹ̀ ń rò, Ìyá Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà, ta ló ń jẹ ẹ́?"

Mo kọjú sí omi. Àpò kan rẹ̀ wà ní ilé ìdáná mi.

A gúnlẹ̀ sí Tòkpá-Yọ́yọ́ nígbà tí oòrùn ti ń ta ni lórí. Mo ti múra pé n óò rí ọjà játijàti. Ọ̀pá àti imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí òpó sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti ilé mi lọ. Wọ́n fi pákó tẹ́ etí omi kí ẹrẹ̀ má baà gba ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan kàn sọ pé, "Mì kwabọ̀," ìyẹn ẹ káàbọ̀, ó sì fi ibi òjìji hàn mí. Inú mi dùn, nítorí mo rò pé mo ti rí ohun tí mo wá wá. Wọn kì í gba owó. Mo ti ń to ìròyìn mi lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni ọjà wọn wá ń ni mí lára, nítorí ó yá. Àádọ́ta sẹ́fà, owó ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ń ra àgbọn kan, bí kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin nílé, níbi tí a ti ń ta á ní àádọ́ta kọ́bọ̀ tí ẹni tó máa rà á kò sì sí. Mo ra àblò mẹ́ta, oúnjẹ kan tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ṣúgà díẹ̀ sè nínú ooru, ó funfun, ó rọ̀ ju ẹ̀kọ wa lọ. Sẹ́fà mẹ́wàá ni ọ̀kan. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín, ó dùn, ó sì tún bí mi nínú pé ó dùn.

Obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá láti ìhà Kankon, ní ọ̀dọ̀ wa. Kò mọ̀ mí. Mo bi í pé kí ló mú un rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣé nítorí pé ibí kì í gba owó ìpàtẹ ni. Ó wò mí bí ẹni wo àlejò. Ó ní wọ́n ń gbà á. Tí èèyàn bá ń lọ ilé ni wọ́n máa ń gbà á, owó ẹrù kan nínú ogún tó bá tà. Ẹni tí kò bá tà, kì í san. Ó ní ní Àgọ́-Àgbọn, kí òun tó tú ẹrù ni ọjà ti kó òun sí gbèsè, pé Ìyá Akọ̀wé kan ń bẹ níbẹ̀ tí ojú àánú rẹ̀ ti fọ́. Mo fa gèlè mi sísàlẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ àtàrí, mo ti ta ọgọ́ta àgbọn, àpò mi ti ṣófo. Owó àgbọn mẹ́ta ni mo jẹ ọjà, àádọ́jọ sẹ́fà, tó ju náírà méjì lọ. Iye tí wọ́n ń gbà ju ìlọ́po méjì tiwa lọ, èèyàn sì ń fi ẹ̀rín san án. Ohun tí mo wá fẹ̀sùn rẹ̀ kàn wọ́n kò sí níbẹ̀ rárá.

Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, ìyá arúgbó kan jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, igbá wà níwájú rẹ̀. Kì í yẹ apẹ̀rẹ̀ wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi olúkúlùkù: mélòó lẹ tà? Ohun tí èèyàn bá sọ ló ń gbà. Nígbà tí ó kàn mí, mo la ẹnu, mo sì gbọ́ tí mo ní, "Ogún."

Kì í ṣe ojúkòkòrò. Ìlara pọ́ńbélé ni. N kò fẹ́ kí owó mi wọ inú igbá Sènàmi. Ìyá náà gba àádọ́ta sẹ́fà, ó súre fún mi, ó ní kí n dé ilé láyọ̀. Mo di ọgọ́rùn-ún sẹ́fà tó kù mọ́ etí ìró mi.

Mo ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ nígbà tí Sènàmi dé. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí pákó, olórí ọjà, lójú gbogbo èrò. Ó ní láti àárọ̀ ni òun ti mọ ìrìn mi, gèlè kò lè bo ìrìn. Ó gbé àblò tí ó fi ewé dì lé mi lọ́wọ́.

Mo bi í níbo ló ti kọ́ ọgbọ́n kí wọ́n máa san owó ní ìjáde.

Ó ní, "Dàdá, ọwọ́ ìyá yín ni. Kí òfin náírà kan tó dé, bí a ṣe ń ṣe é ní Àgọ́-Àgbọn nìyẹn. Èèyàn á sọ iye tó tà, ìyá yín á sì gbà á gbọ́." Ó dìde. "Ogún tí ẹ ní ẹ tà, àwa náà gbà á gbọ́."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò lè wo ẹ̀yìn. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé ó mọ irọ́ mi, tí èmi sì ti gbàgbé bí ìyá mi ṣe ń ṣe é, nìkan. Èmi ni mo jogún ìwé ìyá mi, òun ló jogún ọjà rẹ̀. Mo jowú rẹ̀ lórí ìyá tó bí mi, láti ẹnubodè títí tí a fi rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa. 

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a gúnlẹ̀. Ìyálọ́jà wa àti àwọn aṣojú ọjà mẹ́ta yòókù ti dúró dè mí létí omi. Wọn kò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyálọ́jà ní, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ gbọ́. Wọ́n ń gbà á àbí wọn kì í gbà á?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò pa ọjà Sènàmi, ó sì wà lórí ahọ́n mi. Ta ni yóò já mi nírọ́? Mo tú etí ìró mi, mo fi ọgọ́rùn-ún sẹ́fà lé Ìyálọ́jà lọ́wọ́.

Mo ní, "Wọ́n ń gbà á, mà. Èyí tí mo jí níbẹ̀ nìyí."

Wọ́n gba Tòkpá-Yọ́yọ́ wọlé. Wọn kò bá mi jà, ó ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n fa òfin mi ya, wọ́n ní kí a padà sí ti ayé ìyá mi, wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé igbá fún mi. Ẹ má rò pé ìlara náà tán. Ó ṣì ń bẹ, ó kàn ti rí iṣẹ́ ṣe ni. Ní ọjọ́ ọjà wa tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ẹni àkọ́kọ́ tó jáde ni obìnrin ará Kankon náà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí. Ó mọ̀ mí lọ́tẹ̀ yìí. Mo bi í pé mélòó ló tà, ó wò mí lójú, ó ní ogún. Mo gba owó ẹja kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ó dé ilé láyọ̀.